Ọgbọ̀n Ọdún Tí Mo Fi Wọn Oorun fún Aláìsàn ní Ìlá

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láyé yín, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, torí inú ń bí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ ọmọ mi kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì wò mí lójú, ó ní, "Màmá, iṣẹ́ tiyín ò ṣáà le. Ẹ kàn ń fún wọn lóògùn ni, wọ́n á sùn lọ, ẹ̀yin á wá jókòó." Mo ní kó tún un sọ. Ọmọ náà tún un sọ!

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ìjókòó náà fún yín.

Nọ́ọ̀sì Olóorun ni gbogbo Ìlá ń pè mí. Bí dókítà bá fẹ́ la ikùn ènìyàn, èmi ni mo máa ń fún onítọ̀hún lóògùn oorun kó má bàa mọ̀ pé abẹ ń kan òun. Èmi ni màá jókòó tì í lórí, tí màá máa ṣọ́ èémí rẹ̀, títí dókítà á fi rán ojú ọgbẹ́. Èmi náà ni màá jí i. Ẹni tí kò bá sì jí, ẹ mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń wá.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn rárá. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ni mo wà, wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì tó máa kọ́ iṣẹ́ oògùn oorun. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ mi sá, èmi ni mi ò tètè sá. Owó oṣù ńkọ́? Ó tó jẹ, kò tó fi yangàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi ni Ọ̀gá Adéyẹmọ, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan báyìí tí kì í gbóhùn sókè. Nọ́ọ̀sì bíi tèmi ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà débi pé dókítà gan-an kì í gbé abẹ bí kò bá tíì mi orí. Ẹ má rò pé torí pé kì í pariwo, ó rọrùn o. Ọ̀gá tó ń pariwo, ariwo rẹ̀ á tán, ẹ ó simi. Ti Ọ̀gá Adéyẹmọ kì í tán. Bí a bá jọ ń lọ lójú ọ̀nà, á fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹnì kan tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, á ní, "Kílò mélòó?"

Màá ní, "Ọgọ́ta, sà."

"Aṣọ lo wọ̀n. Tún un wò."

Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tó wà nílé ìwòsàn wa ti há, ọmọ ọwọ́ àti àgbàlagbà, iye kan náà ló ń fi hàn. A kọ̀wé títí, kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn. Ìwọ̀n oògùn sì rèé, bí ara ènìyàn bá ṣe wúwo tó la ṣe ń fún un. Ni Ọ̀gá bá bẹ akọ̀wé tó ń wọn kòkó nínú ìlú, pé kó jẹ́ ká máa lo òṣùwọ̀n rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Èmi á wo àwọn aláàárù tó ń ru kòkó, màá sọ iye tí mo rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á gun òṣùwọ̀n. Wọ́n fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ó fi sú mi. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n sọ òótọ́, ṣé mo fẹ́ ta òun fún àwọn tó ń ra kòkó ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́fà, ojú mi kì í fi ju kílò méjì mẹ́ta ṣì í mọ́.

Nígbà tí mo wá rò pé mo ti mọ iṣẹ́, Ọ̀gá ní mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ìwúwo ni ìlẹ̀kùn, kì í ṣe ilé." Ẹni méjì lè wúwo bákan náà, kí ìwọ̀n tó kan mú ọ̀kan sùn dáadáa pa ìkejì. Ẹni tó ti ń bì fún ọjọ́ mẹ́ta, omi ti gbẹ lára rẹ̀, díẹ̀ ni yóò gbà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀, díẹ̀ ni. Arúgbó, díẹ̀ ni, kí o sì rọra. Àgbẹ̀ tó ń mu ẹmu láràárọ̀, ti ẹni méjì kò ní tó o. "Fi díẹ̀ sí i, kí o dúró, kí o wojú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ohun tó bá ti wọnú iṣan, kò sẹ́ni tó máa fà á jáde." Ó ń sọ èyí lójoojúmọ́ ayé. Mo ti ń lá a lójú oorun.

Ní ọjọ́ kan, mo fa oògùn sínú sírínjì láì ka ara ìgò rẹ̀, torí pé mo mọ ibi tí ìgò náà máa ń wà. Ìgò náà gan-an ni, mi ò ṣì í. Ọ̀gá gba sírínjì náà, ó da oògùn inú rẹ̀ nù, ó ní kí n bọ́ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù kí n ka orúkọ ara gbogbo ìgò tó wà níbẹ̀ sókè, lẹ́ẹ̀mẹta. Ebi ń pa mí, àwọn wọ́ọ̀dù méìdì ń rẹ́rìn-ín, mo ń kàwé fún kọ́bọ́ọ̀dù. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Mi ò sì tún fa oògùn láì kà á mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Íítà ni oògùn tí wọ́n fi kọ́ mi. A máa ń tẹ́ gọ́ọ̀sì lé wáyà kan tó rí bí agbọ̀n kékeré, a ó fi bo imú aláìsàn, a ó máa kán íítà sí i. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kọjú sí ògiri sùn fún odindi ọdún kan, ó ní ilé ìwòsàn lòun fẹ́, kì í ṣe ìyàwó. Ṣùgbọ́n íítà ní sùúrù. Bí o bá ti ń ṣe é jù, èémí á máa kéré, wàá rí i, wàá gbé agbọ̀n kúrò.

Ìgbà tó di bí ọdún tí owó di náírà, wọ́n kó abẹ́rẹ́ kan dé, tayopẹ́ntoònù. Tiẹ̀, ẹ ò ní ka ení dé ẹ̀wá tí ènìyàn á ti sùn lọ fọnfọn. Gbogbo wa yọ̀ mọ́ ọn, àfi Ọ̀gá. Ó ní íítà máa ń kan ìlẹ̀kùn kó tó wọlé, pé èyí kì í kàn án. Lẹ́yìn náà ni kẹtamíìnì dé, tí aláìsàn á lajú sílẹ̀ tí á máa sọ ìsọkúsọ, síbẹ̀ tí á máa mí fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ ti dé tí wọ́n ń há mọ́ ọmọ ìka láti fi ṣọ́ ìlù ọkàn, tó ń dún pí, pí, pí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á kọjú sí ẹ̀rọ, wọ́n á kọ̀yìn sí ènìyàn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹ̀yin ọmọ yìí! Ẹ̀rọ ò lè bi aláìsàn ní ohun tó mu nílé.

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. Àwọn ènìyàn wa kì í sọ òótọ́ fún ẹni tó ń fún wọn lóògùn! Alàgbà ìjọ kan wá ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá. Mo bi í pé, "Ṣé ẹ máa ń mu ọtí, sà?" Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì dúró tì í. Ó ní, "Ọtí kẹ̀? Láti ọjọ́ tí mo ti ṣe ìrìbọmi, kò kan ètè mi." Mo gbà á gbọ́, mo ṣe ìwọ̀n ẹni tí kì í mutí fún un. Ìwọ̀n náà ò mú un sùn, ó kàn da orí rẹ̀ rú ni. Ọkùnrin mẹ́rin ni kò lè dì í mú lórí tábìlì, ó ń pariwo orúkọ ìyá tó ń ta ògógóró lẹ́yìn ọjà pé kó bù ú kún. Ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ ọ láti ìta.

A rẹ́rìn-ín nígbà tó yá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé mi ò ní fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi ẹnikẹ́ni mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ wọn. "Kí lẹ jẹ? Kí lẹ mu? Ẹ má parọ́ fún mi o!" Àwọn tó ń gbé abẹ́rẹ́ kiri abúlé ni mo sì kórìíra jù, àwọn tó ń fi báàgì há abẹ́ apá lórí alùpùpù. Ẹni tí wọ́n bá ti gún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, òun àti ẹbí rẹ̀ ni màá bú pọ̀. Mo rò pé mo ń ṣe iṣẹ́ mi ni.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá, ìdí ọmọ náà wú, ó kún fún ọyún, níbi tí alábẹ́rẹ́ kan ti gún un. Bàbá náà á tó bàbá mi lọ́jọ́ orí. Mo dúró lórí fàráǹdà, níwájú gbogbo èrò, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa á! Ẹ gbé e fún alábẹ́rẹ́ orí alùpùpù, ó bà á jẹ́ tán, ẹ wá ń gbé e bọ̀ ká wá bá yín sin ín! Ṣé ẹ ò lójú ni?" Bàbá náà kàn wolẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, obìnrin àgbẹ̀ kan tó ti dàgbà jókòó, ó gbé orí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lé itan. Píkọ́ọ̀pù tó ń kó iṣu ló gbé wọn wá láti Iresi. Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ ìyàwó náà, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ìfun rẹ̀ ló lọ́. Ó ti ń bì láti ọjọ́ mẹ́ta, ikùn rẹ̀ ti le koko. Dókítà ní bí a ò bá là á láàárọ̀ náà, ó máa kú.

Òfin kan wà tí Ọ̀gá fi lélẹ̀ fún mi. Ó ní bí o bá fẹ́ bi aláìsàn ní ohun tó wà lára rẹ̀, kó gbogbo ẹbí jáde, kí o jókòó tì í, kí o bi òun alára. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkánjú wà, inú sì ti ń bí mi láti orí bàbá tó ṣáájú. Mo dúró lé wọn lórí, mo bi ìyá ọkọ pé, "Kí lẹ ti fún un láti ilé?"

Ó ní, "Omi nìkan ni, nọ́ọ̀sì."

"Ẹ dá mi lóhùn dáadáa o!"

"Omi nìkan ni."

Àbẹ̀kẹ́ la ẹnu. Mo rí i pé ó la ẹnu. Ó wò mí, ó tún pa á dé. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ìyàwó ilé kì í sọ̀rọ̀ níbi tí ìyá ọkọ bá ti ń sọ̀rọ̀, mo sì bá tèmi lọ. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wúwo. Mo ní àìsùn ọjọ́ mẹ́ta ni.

Mo wò ó, àádọ́ta kílò. Mo yọ lára ìwọ̀n náà nítorí omi tó gbẹ lára rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo mú abẹ́rẹ́ tayopẹ́ntoònù, mo rọra ń fi sí i. Mi ò tíì fi ìdajì sínú iṣan rẹ̀ tí èémí rẹ̀ fi dáwọ́ dúró. Mo wá iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń lù bí ẹni pé òwú ló ń mì níbẹ̀, nígbà tó yá mi ò rí i mọ́, àfi ti ọrùn. Dókítà gbé abẹ rẹ̀ sílẹ̀. Mo fi rọ́bà bo imú rẹ̀, mo ń fún àpò ìmí kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, mo sì ń pariwo pe Ọ̀gá.

Ó wọlé láti yàrá kejì. "Kí lo fún un?" Mo sọ ọ́. "Èló?" Mo sọ ọ́. "Kí ló ti wà lára rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

"Wọ́n ní omi nìkan, sà."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀gá gba àpò ìmí lọ́wọ́ mi. "Lọ bi wọ́n."

Mo sáré jáde. Ẹ̀rù ń bà mí, ìbínú sì ni ẹ̀rù máa ń dà lẹ́nu mi. "Ìyá, kí lẹ fún ọmọ yìí? Ó ń kú lọ níbẹ̀ yẹn!" Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì di etí ìró rẹ̀ mú. Ó ní, "Mi ò fún un ní nǹkan kan." Mo sáré padà, mo ní wọ́n ní kò sí. Ni mo bá fa adirẹnálíìnì sínú sírínjì, oògùn tí a fi ń ta ọkàn tó bá fẹ́ dúró jí. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fún un."

"Gbé e sílẹ̀."

"Ọ̀gá, ó ń lọ!"

"Mo ní gbé e sílẹ̀. O fẹ́ da ohun tí o mọ̀ lé ohun tí o ò mọ̀." Ó kó àpò ìmí lé mi lọ́wọ́, ó jáde. Sírínjì náà kò kúrò láàárín ìka mi.

Ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, mo ń wò wọ́n. Ọ̀gá Adéyẹmọ bọ́ fìlà funfun orí rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì fàráǹdà níwájú ìyá àgbẹ̀ náà. Ìyá náà fò dìde. "Háà! Dókítà, ẹ dìde o!" Ọ̀gá kò dìde. Ìgbómìnà ilé ló fi ń bá a sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò lé rárá. Ó ní kò sẹ́ni tó máa bú u. Ó ní ohunkóhun tó bá ṣe, ìfẹ́ ọmọ ló fi ṣe é. Ó ní kó kàn sọ ọ́ fún òun kí àwọn lè jọ gba Àbẹ̀kẹ́ là. Ìyá náà bú sẹ́kún. Ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó yọ ìgò abẹ́rẹ́ kékeré kan jáde. Alábẹ́rẹ́ abúlé ti gún ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ti ìkẹyìn jẹ́ ní ìdájí kí wọ́n tó kúrò nílé, kó lè rí ara gba ojú ọ̀nà.

Ọ̀gá ka ara ìgò náà sókè bó ṣe ń wọlé. Oògùn tí wọ́n fi ń mú àwọn tí orí wọn dàrú rọlẹ̀ ni. Òun àti abẹ́rẹ́ oorun tèmi ló pàdé lára ọmọ náà. Ó wá wo ọwọ́ mi, ó ní, "Bí èyí bá ti wà lára ènìyàn, adirẹnálíìnì kì í gbé e dìde mọ́, ńṣe ló máa ń tì í ṣubú. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn ni ìbá parí rẹ̀." Mo gbé e sílẹ̀.

A fi omi sí apá rẹ̀ méjèèjì. A gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sórí búlọ́ọ̀kù kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn wá sí ọkàn rẹ̀. A ń fún àpò ìmí. Iṣan ọwọ́ padà wá, díẹ̀díẹ̀, dókítà sì tú ìfun náà kíákíá, ó rán an. Kò sí ẹ̀rọ tó ń báni mí nígbà náà o. Ibi tí a ń pè ní ibi ìtọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì nọ́ọ̀sì. Àwa mẹ́ta là ń gba àpò náà lọ́wọ́ ara wa látàárọ̀, ọwọ́ wa wú. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ kí ó tó mí fúnra rẹ̀, tó sì lajú. Mo sunkún bí ọmọdé.

Mo lọ bá Ọ̀gá pé kó bú mi, kó tilẹ̀ ní kí n lọ ka kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ń fọ aṣọ funfun rẹ̀ tí fàráǹdà ti bà jẹ́. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò," kò sì parí òwe náà. Èmi ni mo mọ apá tó kù.

Ẹ má rò pé mo yí padà lójú ẹsẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń sọ fún gbogbo nọ́ọ̀sì pé àṣà wa ló fẹ́ pa ọmọ yẹn, pé ìbẹ̀rù ìyá ọkọ ló pa á lẹ́nu mọ́. Mo gba ara mi gbọ́. Ìgbà tó di ọjọ́ kẹwàá, èmi ni mo lọ yọ okùn ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì nìkan la wà níbẹ̀. Mo fa àga, mo jókòó, mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, mo rí i pé o la ẹnu lọ́jọ́ náà. Torí ìyá ọkọ rẹ ni o ò fi sọ ọ́, àbí?"

Ó ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Rárá o, mà. Màmá ló ní ká mú ìgò náà dání. Wọ́n ní tí a bá dé, ká gbé e fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n gún fún mi. Ọwọ́ wọn ló wà nígbà tí a jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìgbà tí a gbọ́ bí ẹ ṣe ń bú bàbá yẹn ni wọ́n dì í sí etí aṣọ."

Mo yọ okùn tó kù. Mi ò lè gbé ojú sókè. Ọdún méjìlélógún ni mo tún fi ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, mi ò sì tún bi ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ lórí ìdúró mọ́. Inú ṣì máa ń bí mi, ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ báyìí, ilé ni mo ń gbé e lọ. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ní mo kàn ń jókòó, òótọ́ lo sọ, ó kù kí o lọ kọ́ ìjókòó náà. Ìyá àgbẹ̀ kan tí kò mọ̀wé gbé ìgò oògùn wá láti Iresi kí n lè mọ ìwọ̀n tí màá fún ọmọ rẹ̀. Ó gbé e dé iwájú mi, ó gbọ́ ohùn mi, ó sì fi í pamọ́.